Irọ́ Tí Bàbá Mi Pa Nínú Fokker

  Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú àti tàwọn olórin tó ń bú ara wọn lẹ máa ń bá pàdé lójú ewé yìí. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bú ara wọn lọ ná. Ọ̀rọ̀ ilé bàbá mi ni mo fẹ́ sọ, àṣírí tó sì wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mò ń tú bàbá mi síta o. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́, wọ́n ní kí n ṣáà má fi orúkọ wọn sí i.

Nínú ilé wa, bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ tí bàbá mi dárúkọ Fokker, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti jẹun yó nìyẹn. Ìtàn kan ṣoṣo ni. Wọ́n wọ Fokker láti Ìbàdàn lọ sí Èkó ní 1971, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n rí Cocoa House láti òkè bí ìgbà téèyàn rí páálí ìṣáná tí wọ́n gbé dúró, kí wọ́n sì tó jẹ súìtì ẹnu wọn tán, bàálù ti balẹ̀ ní Ìkẹjà. Ó parí. Àwa ọmọ márààrún la mọ ìtàn náà sórí. Èmi àbíkẹ́yìn ni mo burú jù nínú wa, torí èmi ni mo máa ń bá wọn parí rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ dé ìdajì. N ò tiẹ̀ gbà wọ́n gbọ́. Ta ló ń wọ bàálù láti Ìbàdàn lọ sí Èkó? Kí wọ́n tó de bẹ́líìtì tán, ṣé wọn ò ní í ti dé ni? Bẹ́ẹ̀ Pólì Ìbàdàn ni mo ti kàwé, Sámọ̀ndà ni mò ń gbà kọjá lójoojúmọ́ ayé, mò ń gbọ́ tí wọ́n ń pe ibì kan níbẹ̀ ní Old Airport, kò sì wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé kí n béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Akọ̀ròyìn lèmi náà o!

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa bàálù ọ̀hún, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí ni kò mọ̀ ọ́n. Fokker F27 ni orúkọ rẹ̀, àwọn tó ṣe é sì fún un ní orúkọ mìíràn, wọ́n pè é ní Friendship, àfi bí ẹni pe nǹkan ní Ọ̀rẹ́. Ilé-iṣẹ́ Fokker ti ilẹ̀ Holland ló ṣe é. Oṣù kọkànlá ọdún 1955 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ fò, ìgbà tí wọ́n sì fi máa dáwọ́ dúró ní 1987, wọ́n ti ṣe 586 ní Holland nìkan, láìka tàwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn láti máa ṣe é. Ọdún 1963 ló dé ọ̀dọ̀ Nigeria Airways tiwa, ẹ̀yin àgbà á rántí wọn, àwọn tí àmì wọn jẹ́ erin tó hu ìyẹ́. Kó tó dé, Dakota ni wọ́n ń wọ̀ nílé níbí. Dakota yìí, tó bá wà nílẹ̀, ńṣe ló máa ń jókòó lé ìdí bí ajá, àwọn èrò á wá máa gun inú rẹ̀ bí ẹni tó ń gun Òkè Màpó lọ sídìí àga wọn.

Fokker ní tirẹ̀ dúró gbọọrọ. Ìyẹ́ rẹ̀ wà lókè orí, ẹ́ńjìnnì méjì tí Rolls-Royce ṣe, tí wọ́n ń pè ní Dart, wà lára ìyẹ́ náà pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ irin wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ lékeléke. Fèrèsé rẹ̀ tóbi, ó rí bí ẹyin. Nítorí pé ìyẹ́ ti lọ sókè, ibi yòówù kéèyàn jókòó sí, kò fi bẹ́ẹ̀ sóhun tó máa dí i lójú, gbogbo ilẹ̀ ló ń rí kedere. Nǹkan bí ogójì èèyàn ló ń gbé, bíi bọ́ọ̀sì ńlá kan. Ariwo rẹ̀ ńkọ́? Bàbá mi ní kì í bú bíi lọ́rì, ó ń han ni, bí ìgbà tí wọ́n ń lọ ata lẹ́rọ tí ata wá tán nínú ẹ̀rọ.

Àmọ́ Fokker ní ìtàn kan tí kò dùn nílẹ̀ wa, ìtàn yìí ló sì wà nídìí irọ́ tí mo fẹ́ sọ. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹrin, ọdún 1967, nígbà tí ìlú ti ń gbóná ṣùgbọ́n tí ogun kò tíì bẹ́, wọ́n já Fokker Nigeria Airways kan gbà lójú òfuurufú, èyí tó gbéra ní Benin tó ń bọ̀ l'Ékòó, wọ́n sì fipá darí rẹ̀ lọ sí Enugu. Kò padà wá mọ́. Nígbà tí ogun Biafra bẹ̀rẹ̀ lóṣù keje ọdún náà, wọ́n sọ bàálù èrò di bàálù tó ń ju bọ́ǹbù. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, ó wá sókè Èkó. Àfi gbàù! Bàálù náà fúnra rẹ̀ ló bú gbàù lókè, gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló bá a lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ń gbé ní Ọbáléndé nígbà yẹn, wọ́n gbọ́ ìró ọ̀hún létí ara wọn, wọ́n sì kọ lẹ́tà sí àbúrò wọn n'Íbàdàn pé kí ó má ṣe wọ ohunkóhun tó bá ń jẹ́ Fokker láyé rẹ̀. Bàbá mi ní àwọn rẹ́rìn-ín títí nígbà táwọn ka lẹ́tà náà. Ọmọdé akọ̀wé tó ń fi ẹ̀kọ ta ebi nù, ta ló fẹ́ fún un lówó bàálù?

Ẹ máa gbọ́ o. Ó di ìparí ọdún 1971. Bàbá mi jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, akọ̀wé kékeré ni wọ́n ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀. Àwọn ìwé kan wà tó gbọ́dọ̀ dé Marina l'Ékòó kí agogo méjìlá ọ̀sán Ẹtì tó lù, ọ̀gá wọn ló sì yẹ kó gbé e lọ, wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù sílẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọ̀gá. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n sáré dìde, wọ́n lọ sẹ́yìn, wọ́n padà wá, wọ́n tún sáré lọ. Ìgbà kẹrin tí wọ́n dé, wọ́n bọ́ kóòtù ọrùn wọn, wọ́n nà án sí bàbá mi, wọ́n ní, "Wọ èyí. Ìwọ lo máa lọ."

Ẹ ó ní kí ló dé tí wọn ò wọ mọ́tò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀nà márosẹ̀ tí gbogbo wa ń ráhùn lé lórí yìí kò tíì sí nígbà yẹn, ọdún 1978 ni wọ́n ṣí i. Ojú ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n ń gbà, èyí tó gba Ṣàgámù já sí Ìkòròdú, tóóró, kọ́nà lórí kọ́nà. Ọwọ́ òsì ni mọ́tò ṣì ń gbà nílẹ̀ yìí, oṣù kẹrin ọdún 1972 la ṣẹ̀ṣẹ̀ yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn lọ́rì igi àti lọ́rì kòkó ló kún ibẹ̀, bí ọ̀kan bá sì kọ ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ níwájú yín, àfi kẹ́ ẹ wá ibi jókòó sí. Ti àwọn adigunjalè wá ńkọ́? Ìbọn tí ogun fi sílẹ̀ pọ̀ nílùú. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1971 yẹn náà ni wọ́n so àwọn adigunjalè kan mọ́ òpó ní Bar Beach tí wọ́n yìnbọn pa wọ́n níṣojú ọ̀pọ̀ èrò. Nítorí náà, olówó tó bá ń kánjú, bàálù ni. Kò sì sẹ́ni tó ń béèrè káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn fa ìlà gba orí orúkọ ọ̀gá kọjá, wọ́n kọ ti bàbá mi sókè rẹ̀.

Ìgbà tí bàbá mi dé Sámọ̀ndà, tí wọ́n rí nǹkan funfun náà tó dúró lórí ẹsẹ̀ lékeléke rẹ̀, ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ru ẹrù pé kí ni wọ́n ń pe irú èyí. Ọkùnrin yẹn ní, "Fokker ni, sà." Lẹ́tà ẹ̀gbọ́n wọn ló sọ sí wọn lọ́kàn. Wọ́n ní àwọn rò ó pé káwọn padà, àwọn tún rò ó pé táwọn bá padà, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ẹsẹ̀ ló gbé wọn gun àkàsọ̀, kì í ṣe ọkàn.

Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ìyá kan ló wà níbẹ̀. Ìyá aláṣọ ni wọ́n, oníṣọ́ọ̀bù ńlá ní Gbági, gèlè wọn ga débi pé họ́sítẹ́ẹ̀sì ní láti tẹ orí kó tó lè na súìtì sí bàbá mi. Owó ọjà Balógun wà nínú báàgì tó wà lórí itan wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ẹ́ńjìnnì kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ẹ́ńjìnnì kejì gbè é. Ló bá di pé ìyá yìí fi báàgì owó sílẹ̀, wọ́n na ọwọ́, wọ́n di ọrùn ọwọ́ bàbá mi mú gírígírí.

"Ọmọ mi, ṣé o ti wọ nǹkan yìí rí?"

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọmọkùnrin wọ kóòtù ọ̀gá, ìwé pàtàkì wà lábẹ́ apá rẹ̀, gbogbo ènìyàn ń wò ó bí ènìyàn gidi fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Bàbá mi la ẹnu, ohun tó jáde ni pé, "Háà, ìyá. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń wọ̀ ọ́."

Ibẹ̀ ni irọ́ ti bẹ̀rẹ̀, irọ́ kì í sì í dá nìkan rìn. Bí bàálù ti ń rọra yí lọ sójú ọ̀nà rẹ̀, nǹkan kan ń ṣe fíììì, fíììì nísàlẹ̀. Ìyá ní kí nìyẹn. Bàbá mi ní, "Ó ń mí ni, mà. Atẹ́gùn ló fi ń ṣiṣẹ́." Ìyá ní kí ló dé tí wọ́n gbé ìyẹ́ rẹ̀ sókè orí báyìí, pé èyí tí àwọn rí nínú fọ́tò, ìsàlẹ̀ ló wà. Bàbá mi ní, "Kí abẹ̀bẹ̀ má baà gbálẹ̀ ni, mà." Nígbà tí wọ́n gòkè tán, tí ariwo dédé rọlẹ̀, tí ìyá pariwo pé ẹ́ńjìnnì ti kú, Jésù gbà wá o, bàbá mi ní, "Kò kú, mà. Ó ti gun òkè tán ni, ó ń sinmi." Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ èyí, wọ́n ní òógùn ń ṣàn lẹ́yìn àwọn wọnú kóòtù ọ̀gá, àwọn sì ń ka Sáàmù 23 nínú, ibi àfonífojì òjìji ikú nìkan làwọn ń rántí.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bàálù yìí, òótọ́ ni gbogbo irọ́ tí bàbá mi pa! Ọ̀pọ̀ bàálù ló ń fi òróró ti ẹsẹ̀ àti bíréèkì rẹ̀, atẹ́gùn tí wọ́n fún pọ̀ ni F27 ń lò ní tirẹ̀, ó sì máa ń ṣe fíììì lóòótọ́ tí páílọ́ọ̀tì bá tẹ bíréèkì. Ìyẹ́ tó wà lókè, nítorí abẹ̀bẹ̀ náà ni: abẹ̀bẹ̀ ńlá ò ní í gbálẹ̀, inú bàálù á sì lè súnmọ́ ilẹ̀ tí èrò fi máa gun àkàsọ̀ kúkúrú wọlé. Ti ẹ́ńjìnnì tó ń sinmi náà, ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn, wọ́n máa ń dín agbára rẹ̀ kù lẹ́yìn tó bá ti gbéra tán. Mo sọ eléyìí fún bàbá mi, wọ́n wò mí fínnífínní, wọ́n ní, "Ṣé o wá rí i pé mo gbọ́n?"

Ọ̀rọ̀ ìrìn náà kò pẹ́ púpọ̀. Wọ́n rí òrùlé páànù Ìbàdàn tó ti dípata, pupa bẹẹrẹ láti òkè dé òkè, wọ́n rí Cocoa House tí kò ju ọdún mẹ́fà lọ nígbà yẹn, lẹ́yìn náà igbó, igbó, kùrukùru, ilé díẹ̀, Ìkẹjà. Bàbá mi ní ohun tó dun àwọn jù ni pé ìgbà tí ẹ̀rù kúrò lára àwọn tí àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn rẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀. Ìyá aláṣọ kò tú ọwọ́ wọn sílẹ̀ títí táyà fi kanlẹ̀.

Wọ́n jọ wọ takisí kan náà wọ Èkó. Bàbá mi jíṣẹ́ ní Marina, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí agogo méjìlá lù. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, mi ò bá má kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ìyá tó sọ̀ kalẹ̀ ní Balógun, wọ́n yíjú padà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣé o. Ṣé o ní gbogbo Ẹtì lo máa ń lọ? Èmi náà máa tún lọ ní Ẹtì tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ rẹ ni màá jókòó sí o." Bàbá mi ní, "Kò burú, mà."

Kò burú kẹ̀! Bọ́ọ̀sì ni wọ́n wọ̀ padà s'Íbàdàn lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n dúró láti Èkó dé Ṣàgámù kí wọ́n tó ráyè jókòó, kóòtù ọ̀gá sì rùn fún ẹja gbígbẹ. Ọjọ́ Ẹtì kejì pé. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí kóòtù. Ẹlòmíì á sá pamọ́, ìlú ńlá ni Ìbàdàn, níbo ni ìyá aláṣọ ti fẹ́ rí i? Bàbá mi ní àwọn ò lè sùn, àwọn ń rò ó pé ìyá náà á wọ bàálù, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọn ò sì ní í rí ọwọ́ ẹnì kankan dì mú. Ni wọ́n bá gun kẹ̀kẹ́ láti Òkè-Àdó lọ sí Sámọ̀ndà láàárọ̀ kùtù. Wọ́n bá ìyá níbẹ̀, wọ́n ní ọ̀gá ló ní káwọn dúró lọ́sẹ̀ yìí, ìpàdé wà. Wọ́n bá wọn gbé báàgì dé ẹsẹ̀ àkàsọ̀, wọ́n tún gbogbo ọ̀rọ̀ sọ: tó bá ṣe fíììì, ó ń mí ni, tí ariwo bá rọlẹ̀, ó ń sinmi ni. Ìyá gòkè lọ. Bàbá mi dúró títí Fokker fi di èèrà lókè, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wọn padà síbi iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n tún lọ, wọ́n ní ibà ló ń ṣe àwọn. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n pa irọ́ mìíràn tí wọn ò rántí mọ́. Mo bi wọ́n pé kí ló ń gbé wọn lọ síbẹ̀, ṣé ìyá nìkan ni? Wọ́n ní rárá, bàálù náà ti wọ àwọn lára. Wọ́n mọ bó ṣe máa ń yọ láti apá gúúsù, wọ́n mọ ohùn rẹ̀ kí wọ́n tó rí i, wọ́n mọ bí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ṣe máa ń yí bí eré bí àwàdà kó tó di pé ojú ò rí i mọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹrin yìí ni ìyá aláṣọ mú ọmọbìnrin wọn dání wá sìn wọ́n, ọmọ ọdún méjìdínlógún, tó ń kọ́ṣẹ́ títẹ̀wé nígbà náà. Ìgbà tí Fokker fò tán, àwọn méjì ló kù nílẹ̀.

Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tó ń lọ. Ọmọbìnrin yẹn ni ìyá mi. Ọdún 1976 ni wọ́n ṣègbéyàwó, ọjọ́ náà ni ìyá aláṣọ sì sọ níṣojú gbogbo àlejò pé àna àwọn kì í ṣe ọmọ ẹsẹ̀ ilẹ̀, pé inú bàálù làwọn ti rí i. Ìyá àgbà kú ní 1998. Títí wọ́n fi kú, wọn kì í pe bàbá mi lórúkọ, "Ọmọ Bàálù" ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ wá wò ó, ẹni tó wọ bàálù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀! Bàbá mi ò wọ òmíràn mọ́ títí di òní. Ìgbà tí wọ́n máa fi ní owó tó lè san tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà márosẹ̀ ti ṣí, kò sì sí ìdí tí èèyàn á fi wọ bàálù lọ sí ibi tí mọ́tò lè gbé e dé ní wákàtí kan àbọ̀. Nigeria Airways náà ti ń ra èyí tí kò ní abẹ̀bẹ̀, Fokker F28, èyí tó jẹ́ pé tó bá gbéra n'Íbàdàn, kó tó na ẹsẹ̀ tán, Èkó ló wà. Irú wọn, ọ̀nà jíjìn ló ń pa owó fún wọn. Ilé-iṣẹ́ Fokker tó ṣe gbogbo wọn wó ní 1996. Nigeria Airways náà wó ní 2003, erin tó níyẹ̀ẹ́ ṣubú, gbogbo ayé mú ọ̀bẹ. Èmi ò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀ yẹn, torí ọ̀rọ̀ ìbínú ni.

Ó di ọdún tó kọjá. Ara bàbá mi ò yá, àwọn dókítà ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, àwa ọmọ pé jọ sílé ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa lọ. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Kí n lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín, mo wá Fokker jáde lórí fóònù mi, fídíò ibi tí wọ́n ti ń ṣí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí Dart ti bẹ̀rẹ̀ sí í han báyìí, bàbá mi gbé orí sókè. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí n tún un ṣe. Lẹ́yìn ìgbà kẹta, wọ́n pa ojú dé, wọ́n kọjú sí ìyá mi, wọ́n ní nǹkan kan wà táwọn ò tíì sọ rí, pé bí àwọn bá máa lọ, àwọn ò fẹ́ gbé e lọ. Wọ́n wá jẹ́wọ́. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì kò sí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Wọ́n ní àwọn tan ìyá rẹ̀ jẹ, àwọn tan òun náà jẹ, orí irọ́ làwọn fi fẹ́ ẹ.

Àwa ọmọ ò mọ ibi tá a máa kojú sí. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ti ń sunkún.

Ìyá mi ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń já lọ́wọ́, wọ́n já a tán. Wọ́n wá ní, "Dádì, màámi mọ̀."

"Mọ kí ni?"

"Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti mọ̀. Kí n tó gbà láti fẹ́ yín ni wọ́n ti sọ fún mi. Wọ́n ní ọmọ yẹn ò wọ bàálù rí, pé àwọn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù ju tàwọn lọ, ó ń gbọ̀n. Wọ́n ní ṣùgbọ́n kò gba ọwọ́ rẹ̀."

Mo rò pé bàbá mi á rẹ́rìn-ín. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Inú bí wọn! Wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì? Láti 1971?" Wọ́n ní gbogbo "Ọmọ Bàálù" tí ìyá ń pe àwọn yẹn, ṣé wọ́n ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ìyá mi ní rárá, wọn ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá mi ò dá wọn lóhùn. Bí wọ́n ṣe wọ ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì nìyẹn, wọn ò bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, n ò tíì rí ọjọ́ tó gùn tó ọjọ́ yẹn. Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ńṣì, ọwọ́ wọn wà láàárín itan, wọ́n ń sọ pé, "Mi ò bá má sọ. Kí ló tiẹ̀ ń ṣe mí tí mo fi sọ ọ́?"

Ọlọ́run ṣe é, iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu bàbá mi nígbà tí ojú wọn là, "Ìyá yín dà?" Ìyá mi súnmọ́ wọn. Bàbá mi ní, "Ẹ wá fọwọ́ kàn án. Ṣé ó ṣì tutù?"

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n wa àwọn lọ sí Sámọ̀ndà. Mo sọ fún wọn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, pé ilé àti ilé ìtajà ló kún ibẹ̀, pé Alákìá ni wọ́n kọ́ pápákọ̀ òfuurufú Ìbàdàn sí lẹ́yìn náà. Wọ́n ní kí n ṣáà wà á lọ. Ìyá mi jókòó sẹ́yìn. A dé ibẹ̀, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, bàbá mi yọ ojú, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní, "Ibí ni àkàsọ̀ máa ń wà. Ibí yìí ni ìyá yín dúró sí lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ìró òfì."

Ìyá mi ní, "Rárá o, Dádì. Ọ̀hún ni. Kì í sì í ṣe òfì, àǹkárá ni mo wọ̀."

"Òfì ni."

"Èmi tí mo wọ̀ ọ́ lẹ ń sọ fún?"

Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ṣì wà títí a fi dé Sáńgo, tí gòsílóò mú wa. Ẹni tó bá wọ Fokker yẹn rí láàárín Ìbàdàn sí Èkó nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé ìròyìn yìí, kó jọ̀ọ́ kọ̀wé sí mi. Bàbá mi fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ tiyín náà tutù.